Ẹ̀rọ Tí Ó Gé Bàbá Alábọ́ Jẹ Lẹ́ẹ̀mejì

Ìgbà kẹrìnlá rèé tí Màmá Ṣíọ̀ tẹ bọ́tìnnì pupa náà, ìgbà kẹrìnlá sì rèé tí ẹ̀rọ ńlá náà dúró gbagidi.

"Ẹ ti rí i fúnra yín báyìí, mà," ni Máníjà wí. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ta ayò tó sì jẹ. "Bọ́tìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí kì í bá ṣe pé bàbá yẹn ń purọ́, á jẹ́ pé ẹnì kan gé wáyà rẹ̀, ó sì yára so ó padà."

"Ṣíọ̀!" ni màmá fi dá a lóhùn.

Ṣíọ̀ yìí ló di orúkọ mọ́ ọn lára. Ó ti ń sún mọ́ ẹni àádọ́rin ọdún, ó sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ nídìí iṣẹ́ kọ̀mpútà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Bí ọ̀ràn bá ti kan ẹ̀rọ, àwa ọlọ́pàá a lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ni lóòótọ́ o, torí kò gba tiwa rárá. Kò gba ti ẹnikẹ́ni tí kì í ronú, ó sì ti kà wá mọ́ wọn tipẹ́tipẹ́. Èmi sájẹ́ǹtì tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé ló ti bi mí léèrè bóyá torí fìlà nìkan ni wọ́n ṣe dá orí mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ páànù alumíníọ̀mù di abọ́ ni a wà. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, ẹ̀rọ ìtẹ̀ tó tóbi jù níbẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin tó ń lò ó. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni ọkùnrin náà, ó sì ti ń tẹ abọ́ láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Bàbá Alábọ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Kí oògùn oorun tó gbé e lọ ní ilé ìwòsàn, ohun méjì ló sọ. Ó ní òun tẹ bọ́tìnnì pupa lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ ò dúró. Ó tún ní ẹ̀rọ gé òun jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn dókítà gé ọwọ́ náà kúrò láti ìgúnpá.

Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Mo rí téèpù tuntun lára wáyà bọ́tìnnì. Mo béèrè ẹni tó ń tún wáyà ṣe níbẹ̀, wọ́n ní obìnrin kan ni, atúnẹ̀rọṣe tí wọ́n ń pè ní Sípánà. Máníjà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sọ ohun tó dùn mọ́ mi nínú: Sípánà yìí ti fẹ́ àkọ́bí Bàbá Alábọ́ rí. Lọ́dún tó kọjá ló kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé ọkọ, láti ìgbà náà òun àti bàbá náà kò kí ara wọn mọ́, wọn ì báà forí gbárí lẹ́nu ọ̀nà. Òun nìkan ló sì wà nítòsí nígbà tí ẹ̀rọ mú bàbá náà.

Téèpù, ìjà, ìtòsí. Mo ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, mo sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Kí agogo méjìlá tó lù, mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé ọ̀ràn ti parí. Ọ̀gá mi ló ranṣẹ́ pe Màmá Ṣíọ̀, bóyá torí ó mọ̀ mí.

"O rí téèpù," ni màmá wí fún mi níwájú Máníjà. "O tú u wò?"

"Rárá, mà."

Ó fi èékánná tú u. Wáyà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò já, awọ òde rẹ̀ nìkan ló bó.

"Obìnrin yìí fi téèpù bò ó kí iná má baà gbé ènìyàn. Ìwọ wá mú un torí pé ó tọ́jú wáyà." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ìbéèrè kì í jẹ́ kéèyàn ṣìnà. Ìwọ ò béèrè, o kàn ṣìnà lọ ràì. Mú mi lọ bá a."

*

Sípánà jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní àgọ́ wa, epo ẹ̀rọ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Kò sunkún. Ó wò mí bí ẹni ń wo ẹ̀gbin lára bàtà.

"O kórìíra Bàbá Alábọ́?" ni màmá bi í láìkí i.

"Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, mà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń lù mí, ó ní kí n máa fara dà á, pé bí ọkọ ṣe ń rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kì í fi ẹ̀rọ jà."

"Kí lo rí?"

"Mò ń di nọ́ọ̀tì lára ẹ̀rọ kejì, mo gbọ́ igbe. Mo sáré dé ibẹ̀. Irin ti sọ̀ kalẹ̀ sórí ìka rẹ̀ méjì, ó sì há síbẹ̀. Mo ti ọ̀pá irin bọ abẹ́ rẹ̀, mo ń wọ́ ọ sókè. Ó ti ń gbéra díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ bàbá ti fẹ́ yọ. Bí gbogbo iná ara ẹ̀rọ ṣe kú lójijì nìyẹn. Wọ́n tún tàn. Irin náà sì tún sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ọwọ́ ló mú lọ́tẹ̀ yìí. Ìgbà yẹn ló tó wá gòkè fúnra rẹ̀."

"O sọ èyí fún sájẹ́ǹtì?"

"Lẹ́ẹ̀mẹta."

Màmá yíjú sí mi. Mo wo ilẹ̀. N kò kọ ọ́ sílẹ̀, torí mo rò pé irọ́ ni.

"Ẹ̀rọ yẹn, báwo ló ṣe ń ṣe kí èyí tó ṣẹlẹ̀?"

"Ó ti ń ṣàìsàn, mà. Ohun tí ń wọn ooru epo inú rẹ̀ ti ń pariwo láti bí oṣù méjì. Bó bá ti pariwo, ẹ̀rọ á falẹ̀. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, Máníjà ní kò sí àyè láti dá iṣẹ́ dúró. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀rọ ṣàdédé yá. Kò falẹ̀ mọ́. Mo lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, epo ṣì ń gbóná, kí ló dé tí ẹ̀rọ ò sọ̀rọ̀ mọ́?' Ó ní kí n gbájú mọ́ sípánà mi."

"Ta ní ń jẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

"Ọ̀gá kọ̀mpútà wa ni. Òun ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ṣíọ̀!" ni màmá wí.

*

Ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí àwọn ẹ̀rọ wà nísàlẹ̀. Ìwé ẹ̀rí mẹ́rin ló gbé kọ́ ara ògiri. Àga rẹ̀ ga ju ti àlejò lọ, mo sì fura pé ó dìídì rà á bẹ́ẹ̀ ni.

"Mà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀," ló bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọ̀wọ̀ kankan níbẹ̀, "ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀. Kò ní tètè yé ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí."

"Gbìyànjú kó o sọ ọ́ kó yé mi."

"Ìròyìn tó délẹ̀ fi hàn pé bọ́tìnnì dára, ètò dára, ẹ̀rọ dára. Ènìyàn ló ṣàṣìṣe."

"Ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kọ̀mpútà ẹ̀rọ yẹn lẹ́yìn tó mú bàbá náà?"

"Rárá o. A ò fọwọ́ kàn án títí àwọn ọlọ́pàá fi dé tí wọ́n sì fi okùn yí i ká."

Máníjà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi orí. "Bó ṣe rí gan-an nìyẹn."

"Bàbá náà ní ẹ̀rọ gé òun lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó wà níbẹ̀ sì ní ẹ̀rọ kú, ó tún jí," ni màmá wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìrora máa ń mú kéèyàn sọ ìsọkúsọ. Obìnrin yẹn sì ti di ọ̀daràn, kí ni kò ní sọ? Wọ́n ti jọ gbìmọ̀ pọ̀ ni."

Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí màmá rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín tí mo gbàdúrà kí wọ́n rín sí mi.

*

Nísàlẹ̀, nídìí ẹ̀rọ, ó bá mi wí.

"Sájẹ́ǹtì, ọ̀tá méjì tí kì í kí ara wọn. Ọ̀kan wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ọ̀kan wà lẹ́yìn irin àgọ́ rẹ. Àwọn méjèèjì sọ ohun kan náà: ó gé e lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà wo ni wọ́n ṣe ìpàdé irọ́? Bí obìnrin yẹn bá fẹ́ gba ara rẹ̀, irọ́ tó máa wúlò fún un pọ̀ lọ rẹpẹtẹ. Èyí ò wúlò fún un rárá. Ọ̀rọ̀ tí kò ṣe ẹni tó sọ ọ́ láǹfààní, òun ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ gbà gbọ́."

Ó fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ tó gbà lọ́wọ́ Máníjà wọ kọ̀mpútà ẹ̀rọ náà, ó tẹ nǹkan. Ìlà kan jáde.

"Kà á."

Mo kà á. Kọ̀mpútà náà sọ ìgbà tó jí kẹ́yìn: àná, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún.

"Ìṣẹ́jú méje lẹ́yìn tó mú ọwọ́ bàbá," ni mo wí. "Bóyá iná ló lọ, mà?"

Ó rìn lọ sídìí ẹ̀rọ kejì, ó tẹ ohun kan náà. Ìyẹn ti wà lójúfò láti ọjọ́ mọ́kànlá. "Ojú wáyà iná kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun. Iná wo ló lọ tó mọ èyí tí yóò yà? Ẹnì kan ló pa á tó tún tan án, Sájẹ́ǹtì. Ṣé o mọ ohun tí irú ẹ̀rọ yìí ń ṣe bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí?"

"Rárá, mà."

"Á kọ́kọ́ tẹ ara rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá, kí ó lè mọ ibi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ni yóò gòkè."

Mo rántí ọ̀pá irin tó wà lọ́wọ́ Sípánà, àti ọwọ́ tó ti fẹ́ yọ.

"Ta ló máa ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó ń pa ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rẹ́. Jókòó, kí n kọ́ ọ." Ó fa ìjókòó kan fún ara rẹ̀, kò fa ọ̀kan fún mi. "Inú kọ̀mpútà kọ̀ọ̀kan ni ètò kan wà tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ètò yòókù. Kánẹ̀ẹ̀lì là ń pè é. Òun ló ń gbọ́ tẹnu gbogbo irin. Bí irin kan bá ní ọ̀rọ̀ kánjúkánjú, bóyá epo gbóná, bóyá wọ́n tẹ bọ́tìnnì, yóò dá kánẹ̀ẹ̀lì dúró lẹ́nu iṣẹ́ tó ń ṣe: 'Fi ìyẹn sílẹ̀ ná, gbọ́ tèmi.' Ìdílọ́wọ́ nìyẹn. Ó yé ọ, àbí kí n ya àwòrán?"

"Ó yé mi, mà."

"Máa rọra purọ́. Bí irin kan bá wá ya wèrè, tó ń dí kánẹ̀ẹ̀lì lọ́wọ́ láìdákẹ́, kò ní lè ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún un ní òṣùwọ̀n: 'Bí ìpè tó ń gba ìlà yìí wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan bá ti ju iye báyìí lọ, di etí rẹ sí ìlà náà fúngbà díẹ̀.' Òṣùwọ̀n tó ga tó ń gba ẹ̀rọ là. Èyí tó kéré jù ń sọ ọ́ di adití."

Ó tún tẹ nǹkan. "Ìlà keje ni ohun tí ń wọn ooru epo ń gbà wọlé. Ìlà keje náà ni bọ́tìnnì pupa ń gbà. Ọ̀lẹ ló so ó bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnnì ìdádúró yẹ kó gé iná tààrà ni, láìbẹ kọ̀mpútà kankan. Wọ́n gbé e gba inú kọ̀mpútà, wọ́n tún fi í ṣe alájọgbé pẹ̀lú aláriwo. Bí kánẹ̀ẹ̀lì bá di etí sí epo, ó ti di etí sí bàbá náà nìyẹn."

Òṣùwọ̀n tó wà níbẹ̀ báyìí jẹ́ ẹgbàárùn-ún ìpè, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Màmá sọ ọ́ di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún tan án, kí òṣùwọ̀n tuntun lè ríṣẹ́ ṣe. Irin náà tẹ ara rẹ̀ wálẹ̀ kí ó tó gòkè, mo sì gbójú kúrò. Ó jẹ́ kó máa tẹ páànù òfìfo títí epo fi gbóná. Lẹ́yìn náà ló ní kí n tẹ bọ́tìnnì pupa.

Mo tẹ̀ ẹ́. Irin sọ̀ kalẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Irin tún sọ̀ kalẹ̀, gbàù. Mo fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi gbá a, bí ẹni ń gbá ilẹ̀kùn ilé tó ń jóná. Kò gbọ́. Òógùn bò mí, ọwọ́ mi kò sì sí lábẹ́ rẹ̀ o.

"Lẹ́ẹ̀mẹta," ni màmá wí jẹ́jẹ́, ó sì fa iná yọ lára ògiri.

*

Ènìyàn méjì péré ló ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń wọ kọ̀mpútà náà: Máníjà àti Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó lò ó ti nu àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà kúrò. Mo ní kí n mú àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bí o ṣe mú Sípánà?" ni màmá bi mí. Mo dá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ padà sápò.

Ó kó wọn jọ sí ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó sọ ohun tó rí fún wọn: pé ẹnì kan ti rẹ òṣùwọ̀n ìlà keje sílẹ̀, pé ẹni náà ló dá a padà lẹ́yìn ìjàǹbá. Máníjà bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ká apá pọ̀.

"Ẹ̀sùn lásán nìyẹn, mà. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é."

"O sọ òótọ́," ni màmá wí. "Ẹnikẹ́ni ni. Mo ti ń wo iṣẹ́ kánẹ̀ẹ̀lì láti ogójì ọdún, n kò rí iṣẹ́ tó gọ̀ tó èyí rí. Lójú mi, Máníjà ló ṣe é. Ẹni tó kàwé kò lè ṣe iṣẹ́ ọ̀dẹ̀ báyìí."

"Èmi kẹ̀?" ni Máníjà kígbe. "Mà, mi ò mọ kánẹ̀ẹ̀lì, mi ò mọ baba rẹ̀!"

"Ó hàn bẹ́ẹ̀. O fi òṣùwọ̀n sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lásán, láìronú. O ò tiẹ̀ sọ fún kánẹ̀ẹ̀lì ìgbà tí yóò ṣí etí rẹ̀ padà. Ìlà náà tì pa títí ayé ni. Ọmọ ọjọ́ kan nídìí iṣẹ́ yìí kì í ṣe irú àṣìṣe yẹn. Ṣíọ̀! Bí mo bá ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe báyìí, màá ní kó lọ kọ́ṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá, bí ìyẹn ò bá ní pọ̀ jù fún un."

Mo rí i tí ọrùn Ọ̀jọ̀gbọ́n ń pọ́n.

"Kò tì pa," ló wí.

"Ó tì pa. Iṣẹ́ púrúǹtù ni."

"Kò tì pa, mà! Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ló ń dí i, yóò sì ṣí padà fúnra rẹ̀! Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Igba ni, a ṣírò rẹ̀ dáadáa kí..."

Máníjà rọra fi ìgbésẹ̀ kan jìnnà sí i, bí ẹni tó rí àrùn tí ń ràn.

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni èmi fi sí i láàárọ̀ yìí, torí n kò mọ iye tó wà níbẹ̀ láná," ni màmá wí. "Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, n kò mọ̀ ọ́n. Igba, n kò mọ̀ ọ́n. O ṣeun tí o kọ́ mi."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wó sórí àga gíga rẹ̀. "Máníjà ló ní kí n wá nǹkan ṣe sí i kí ẹ̀rọ yé falẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo yí."

"Mi ò ní kó o pa ènìyàn!" ni Máníjà wí.

"Ìwọ dákẹ́," ni màmá sọ fún un. "Obìnrin kan ní kí o pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́, o ní kò sí àyè. Nígbà tó yá, o fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ìwọ náà yóò dé ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ ń lọ." Ó yíjú padà sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. "O gbọ́ igbe bàbá náà. O mọ ohun tó fà á lójú ẹsẹ̀, torí ìwọ ni o ṣe é. O jókòó síbí, o gba orí kọ̀mpútà rẹ dá òṣùwọ̀n padà, o pa ẹ̀rọ, o tan án. O mọ̀ pé bó bá jí, yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀."

"Mo rò pé wọ́n ti fa ọwọ́ rẹ̀ yọ."

"Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni láti ìdí àga rẹ dé ojú fèrèsé yẹn. Mo ti kà á. O ò dìde wò."

Ìwé ẹ̀rí mẹ́rin ń wò ó láti ara ògiri. Nígbà tí mo fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ohun tó bi mí ni bóyá òun lè kọ ọ́ sínú ìwé pé òṣùwọ̀n náà kò gọ̀ bí màmá ṣe wí.

*

Màmá Ṣíọ̀ kò dúró gba ọpẹ́. Èmi ni mo lọ ṣí ilẹ̀kùn fún Sípánà. Mo ti ro ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kan jọ lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ tó gùn dáadáa. Ó gba ìgbànú rẹ̀ àti àpò irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó bu ọwọ́ lu orúkọ rẹ̀, ó sì ní, "Ilé ìwòsàn wo ni wọ́n gbé bàbá lọ?"

Mo fi ọkọ̀ gbé e dé ibẹ̀.

Yàrá tó mọ́ ni, ibùsùn méjì, ọ̀kan ṣófo. Ìdì aṣọ funfun ló wà níbi tí ọwọ́ bàbá náà yẹ kó wà. Bó ṣe rí Sípánà, ó kọjú sí ògiri. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó kí i.

"Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá."

Mo ṣàlàyé fún un láti ẹnu ọ̀nà: nípa òṣùwọ̀n, nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n, nípa ìgbà kejì. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin láìyíjú padà.

"Ìgbà tí mò ń ké," ló wí sí ara ògiri, "ẹnì kan ń fi ọ̀pá gbé irin yẹn kúrò lára mi. Ó ń sunkún, ó ń ní kí n má kú. Ta ni?"

"Èmi ni, sà."

Ó yíjú padà nígbà náà. Ó wo epo tó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

"N kò gbèjà rẹ nígbà tó yẹ kí n gbèjà rẹ," ló wí. "Fa àga yẹn mọ́ra. Jókòó."

Sípánà jókòó. Èmi ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé ẹ̀sùn lọ́wọ́, fún bí ìdajì wákàtí. Àga kejì wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí èmi náà jókòó.